Ojú Ìwé Mọ́kànlá fún Souleymane

Savè, ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní, 1981

Madeleine, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Àlàó,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ dáadáa ní Abidjan? Ṣé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ kò fi ariwo di ọ́ létí? Ìyá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ Clément kí ọ, ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti orí òkè náà kí ọ, nítorí ó ti bó gbogbo ètè wa. Kájú ti yọ òdòdó. Ìjà ń tẹ̀síwájú! Olùkọ́ wa, Kámáráàdì Norbert, ní gbogbo lẹ́tà ló gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn yẹn nínú lásìkò Ìyípadà yìí. Mo ti kọ ọ́, ó parí.

Wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dáadáa. Kì í ṣe ọwọ́ Clément. Kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé tó ń jókòó síwájú ilé réluwé. Ọwọ́ èmi Tìmóthì Àlàó ni, ẹni tó fi orí ru iṣu nídìí réluwé yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó ra kẹ̀kẹ́, tó fi kẹ̀kẹ́ wá oko, tó fi oko kọ́ ilé onípáánù àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwa méjìlélógún la jọ wọ kíláàsì àwọn àgbà lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo gba ipò kejì. Ẹni tó gba ipò kìíní ti ń ka Kùránì láti kékeré, nítorí náà kì í ṣe ìdíje tòótọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí tábìlì nìyí. Pierre, ọmọ ìyá tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, dé láti Abidjan. Ó ní o ń kọ ìwé. Inú mi dùn, mo ní kí ìyá rẹ bu omi tútù fún un, kó sì wá àga tó ní ẹ̀yìn. Ó jókòó tán ló wá ní Fúlàní ló kún inú ìwé náà. Mo ní, "Fúlàní wo?" Ó ní, "Bàbá, Souleymane ni, Fúlàní tó ń da màlúù yín nígbà kan." Ó kù díẹ̀ kí n gba omi mi padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ṣé òótọ́ ni? Ẹni tí kò kọ́lé, tó ń sùn sábẹ́ koríko, tí gbogbo ìlú lé lọ nítorí olè, òun ni ọmọ mi mú nínú gbogbo ẹ̀dá ayé láti fi sínú ìwé? Èmi dà? Ojú ìwé wo ni mo wà? Ṣé ilé onípáánù wà níbẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ Pierre kì í pé. Èmi kò bínú. Mo kàn ń béèrè ni.

Fi ìwé náà ránṣẹ́. Má fi èdè Faransé ránṣẹ́ sí mi o, kí ẹlòmíràn má baà máa túmọ̀ ọmọ mi fún mi. Kọ ọ́ ní èdè wa. Mo ń kàwé báyìí.

Èmi ni bàbá rẹ kan ṣoṣo,
Tìmóthì Àlàó


Abidjan, ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1981

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí ìyá mi, mo kí Clément. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko. Nígbà tí mo ṣí lẹ́tà yín, mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ yín ni, mo jókòó. Mo fi han gbogbo olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní ipò kìíní ló tọ́ sí yín.

Ẹ má bínú pé ẹnu Pierre lẹ ti gbọ́ ọ. Ìtàn kékeré ni. Ilé ìtẹ̀wé kan níhìn-ín ń kó ìtàn tí àwọn olùkọ́ kọ fún ọmọdé jọ, wọ́n sì gba tèmi. Oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀wọ̀n wúrà ìyàwó onílé wa sọnù. Ìdílé mẹ́fà la jọ wà nínú ọgbà náà. Kò wo ojú ẹlòmíràn. Ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ní, "Ẹ̀yin ará Dahomey! A ti lé yín lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún rá padà wá." Wọ́n tú ẹrù mi síta, wọ́n ń gbọn aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó rí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nínú ìrọ̀rí ara rẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kíkankíkan láàárọ̀ ni.

Bàbá, bí wọ́n ṣe ń gbọn aṣọ mi lọ́jọ́ yẹn, ara mi kọ́ ni mò ń rò. Awawou ni mò ń rò, ọmọ Bàbá Souleymane darandaran wa, tí a jọ ń jókòó lórí àga kan ní ilé-ìwé, tó máa ń gba ipò kìíní kí èmi tó gba ìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wá nígbà tí wọ́n lé wọn lọ.

Mo wá tún wo àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ. Ibi tí Fúlàní bá ti yọ níbẹ̀, tòun ti ọ̀pá àti olè ni. Àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa nílé pàápàá, Fúlàní ni òmùgọ̀ ibẹ̀ nígbà gbogbo. Ọmọ tó bá ń gbọ́ irú rẹ̀ dàgbà, tó bá tó ẹni tó ń dájọ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹlẹ́rìí mọ́. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn.

Mo ti tún un kọ ní èdè wa sínú ìwé kàyé yìí. Mo yí orúkọ gbogbo ènìyàn padà. Ẹ̀yin wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́. N kò fi yín ṣe ènìyàn burúkú. Ní ìparí, màlúù tó sọnù fúnra rẹ̀ rìn padà wálé ní ọjọ́ keje, gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ darandaran náà, ó sì dúró. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní a kò mọ ibi tí màlúù yẹn wọlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọmọdé ló máa kà á, mo sì fẹ́ kó parí síbi ayọ̀.

Ọmọ yín,
Madeleine


Savè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 1981

Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wúrà yẹn bà á nínú jẹ́. Ó ní kí n bá òun kọ èpè ránṣẹ́ sí obìnrin náà, mo ní kíláàsì wa kò tíì dé ibi èpè. Ẹni tó pe ọmọ Àlàó lólè, ojú rẹ̀ ló fọ́. Ọmọ ẹni tó ní páánù, kí ló fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́wọ̀n ṣe?

Mo ti ka kàyé rẹ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi kà á, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo kà á tán, mo tún ka nǹkan mìíràn. Ojú ìwé mọ́kànlá ni Souleymane fi ń rìn gbẹ̀fẹ́ nínú rẹ̀. Mọ́kànlá! Èmi ní ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Nínú ààbọ̀ yẹn pàápàá, ẹ̀yìn mi nìkan ni wọ́n ń rí, mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ.

O ní ó kọ́ ọmọbìnrin náà bí a ṣe ń fi ipa ẹsẹ̀ mọ ẹran tó yarọ. O ní ó ń bu wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un. O ní ọmọbìnrin náà ń pè é ní "Bàbá"! Ta ló gbé ọ sórí kẹ̀kẹ́ láti Savè dé Parakou lọ́dún tí réluwé kò lọ, kí o má baà pàdánù ìdánwò? Ọjọ́ méjì gbáko. Oṣù kan ni n kò fi lè jókòó dáadáa. Ojú ìwé wo nìyẹn wà?

Wàrà náà ńkọ́? O mọ bí a ti ń ṣe é níhìn-ín. Àgbẹ̀ ló ń ra màlúù, Fúlàní ń bá a dà á, wàrà jẹ́ ti Fúlàní, ọmọ màlúù jẹ́ ti olówó. Màlúù mẹ́sàn-án tó ń fún wàrà yẹn, tèmi ni wọ́n. Nítorí náà, wàrà bàbá rẹ ni ò ń mu ní gáà Fúlàní. Kọ ìyẹn.

Àwọn ọmọ Bessé gan-an, abúlé tí gáà Souleymane wà nígbà kan, mọ iyì mi jù ọ́ lọ. Wọ́n ní àlọ́ kan níbẹ̀ báyìí, àlọ́ Fúlàní tó gbé màlúù Àlàó mì. Wọ́n ń dárúkọ mi nínú orin rẹ̀: Àlàó onímàlúù mẹ́sàn-án! Bí mo bá ń kọjá lọ sóko, wọ́n á gbé e sókè. Nínú ìwé tìrẹ, mo di ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́, bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fún mi.

Ìparí rẹ yẹn wá ni olórí gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni, irọ́ ẹni tí kò mọ màlúù. Màlúù kì í ti inú pàlàpálá àpáta jáde lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ẹ̀yin ará Abidjan kò mọ òkè yẹn. Lẹ́yìn oko kájú mi àtijọ́, níbi tí àpáta ńlá méjì ti kọjú síra, àlàfo àárín wọn jìn bí kànga, koríko tútù a sì máa hù létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Màlúù tó bá na ọrùn síbẹ̀, orí ló máa fi lọ, kò lè yí padà. Okùn tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn kò tilẹ̀ já. Ọwọ́ ara mi ni mo fi hun okùn yẹn, onífọ́nrán mẹ́rin. Ẹyẹ ti jẹ ẹran tán lára egungun, okùn ṣì le koko. Kò sí ẹni tó ń hun irú rẹ̀ mọ́ ní Savè. Bí o bá fẹ́ kọ ìtàn màlúù, bi ẹni tó ni màlúù.

Tún un kọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Fún mi ní ojú ìwé méjìlá.

Bàbá rẹ,
Tìmóthì Àlàó, onípáánù àkọ́kọ́


Abidjan, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin, 1981

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyá mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Nígbà wo ni ẹ rí okùn náà?

Ohun tí èmi rántí nìyí. Níwájú ilé olórí àdúgbò, ẹ ní, "Fúlàní ni, ẹlẹ́rìí wo lẹ tún ń bi mí?" Bàbá Souleymane fẹ́ fèsì, wọ́n hó lé e lórí. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kó fi kúrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Awawou gbé síléètì rẹ̀ wá fún mi, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí òun bá padà sí ilé-ìwé. Mo tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì kó tó fọ́.

Ọdún kẹtàlá rèé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí wọ́n ń wí nílé wa ni pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí màlúù yẹn wọlẹ̀ sí. Ẹ̀yin pàápàá ń wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, nígbà wo ni ẹ rí i?

Ọmọ yín,
Madeleine


Savè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà, 1981

Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ o. Òjò ti dé. Àgbàdo ti yọ. Ìyá rẹ ra ewúrẹ́ kan tó burú jù, ó ti jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi. Wọ́n ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní oko ìrèké, Clément ti lọ forúkọ sílẹ̀. Délégé, aṣojú ìjọba ní ìlú wa, pè mí síwájú nínú ìpàdé, ó ní kí gbogbo àgbà fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Kámáráàdì Norbert ní ìkọ̀wé mi ti dára ju ti àwọn kan tó lọ ilé-ìwé gidi lọ. N kò ní dárúkọ wọn. Páánù ilé wa ń jò ní igun kan. Èmi fúnra mi ni mo gùn ún, mo sì kàn án pa, àwọn aládùúgbò dúró nílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ìjà ń tẹ̀síwájú.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí o béèrè, bébà ti tán.

Tìmóthì Àlàó

*Ẹ̀gbọ́n mi, Clément ló kọ èyí sẹ́yìn ìwé. Kí lẹ kọ sí Bàbá? Wọn kì í jẹun tán mọ́. Bébà kò tán o. Odidi ìdì kan ló wà lábẹ́ ibùsùn wọn.*


Abidjan, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje, 1981

Bàbá mi,

Mo kí yín, ẹ kú òjò, ẹ kú orí páánù. Ẹ má gùn ún mọ́, ẹ jọ̀ọ́, Clément wà níbẹ̀.

Bébà mẹ́wàá wà nínú lẹ́tà yìí.

N kò bínú sí yín, n kò sì tó ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n mo ti lọ gba ìtàn mi padà lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé. N kò lè kọ ọ́ mọ́ pé màlúù náà rìn padà wálé. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń kọ ọ́. Irọ́ tó dùn mọ́ àwa tí wọn kò lé ni. Wọ́n fún mi di ìparí oṣù kọkànlá. Bí n kò bá rí òótọ́ fi parí rẹ̀, ìtàn náà kò ní sí nínú ìwé, àlọ́ Bessé nìkan ló máa ṣẹ́ kù nílẹ̀. Òun ni àwọn ọmọ wa máa fi mọ Fúlàní. Òun náà ni àwọn ọmọ Awawou máa gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ìlú wa kọjá.

Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bó ṣe rí. Mo bẹ̀ yín.

Madeleine


Savè, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, 1981

Madeleine,

Mo kí ọ. Norbert kò ní ka èyí, nítorí náà kò sí ìjà tó ń tẹ̀síwájú nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo rí i. Igún ni mo tẹ̀lé. Mo dojúbolẹ̀ létí àlàfo náà, mo wo okùn mi nísàlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n sáré lé wọn, wọn kò tíì lè jìnnà, ẹran kì í yára. Mo tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́. Mo dé etí odò, mo dúró. Bí wọ́n bá padà wá, kí ni n óò wí níwájú ilé olórí àdúgbò? Pé èmi Àlàó ṣìṣe? Àwọn tí a jọ ru iṣu, tí ilé mi ń ta lójú, wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín wọ sàréè. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà. Mo ní, Fúlàní ṣáà ni, bí kò bá jẹ tèmi, ó ti jẹ ti ẹlòmíràn. Mo ń wí i títí ó fi dà bí òótọ́ létí mi.

Ìyẹn ìdajì. Ìdajì kejì kò dùn ún kọ. Ibà mú ọ lọ́dún yẹn, ṣáájú kí màlúù tó sọnù. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé ọ láti ilé ìwòsàn dé ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, o ń ké pe bàbá. Mo ní, "Èmi rèé." O ti ọwọ́ mi dànù. O ní, "Bàbá Awawou." Níṣojú ìyá rẹ, níṣojú àwọn aládùúgbò tó wá kí wa. Ẹni tí kò ní ju ọ̀pá kan lọ láyé! Mo gbójú sókè wo páánù mi. Mo bi ara mi pé ta ni mo tilẹ̀ kàn án fún.

Nígbà tí màlúù wá sọnù, Àbẹ̀kẹ́, kò dùn mí. Mo ní mẹ́jọ sí i. Inú mi dùn pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti sọnù. Bó bá ṣe ọmọ ìlú wa ni mo nàka sí, wọn ì bá bi mí ní ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n Fúlàní ni, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu gbogbo wọn kí n tó la tèmi. Owú ni mò ń jẹ. Wọ́n bá mi pè é ní olè, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn kò sí gáà ní Bessé mọ́. Kaboua ni wọ́n ti ń gbé wàrà wá fún wa, ó ti ń kan kó tó dé ọjà. Ilẹ̀ tí ẹran wọn ń sùn sí lẹ́ẹ̀rùn, iṣu ibẹ̀ ti kéré bí ọwọ́ ọmọdé. Gbogbo wa mọ ohun tó fà á. A ní ilẹ̀ ló gbó.

Bébà tìrẹ ni mo fi kọ èyí. Kọ ohun tó bá wù ọ́.

Bàbá rẹ


Abidjan, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1981

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. N kò rántí ibà náà, n kò mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti bẹ̀ yín tipẹ́. Ẹ foríjì mí.

N kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan síwèé. Èmi kọ́ ni wọ́n lé, Bàbá. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Pierre ní wọ́n wà lẹ́yìn Kaboua.

Madeleine


Savè, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, 1981

Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ. Gbogbo ilé kí ọ. Pierre ni mo fi rán kó lè tètè dé ọwọ́ rẹ.

Ìpàdé ìlú ni mo kọ́kọ́ lọ. Délégé fún mi láyè, ó rò pé ọ̀rọ̀ kíláàsì àwọn àgbà ni mo fẹ́ sọ. Mo dìde. Mo ní, "Èmi Tìmóthì Àlàó, màlúù mi tó sọnù ní ọdún 1968, inú àpáta ló já sí. Souleymane kò jí i. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́." Mo ti múra de ẹ̀sín, mo ti múra de èébú, mo tilẹ̀ ti mọ ohun tí n óò fi dá wọn lóhùn. N kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Tàwàkálítù tó ń ta ẹ̀wà nídìí réluwé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Bí kò bá jẹ tiyín, ó ti jẹ ti ẹlòmíràn."

Gbogbo wọn mi orí. Ọ̀rọ̀ tèmi ni, Àbẹ̀kẹ́! Èyí tí mo wí létí odò tí kò sí ẹnìkan nítòsí! Ẹnu ẹlòmíràn ló ti jáde wá pàdé mi. Mo pariwo, mo ní, "Mo ní kò jẹ màlúù ẹnikẹ́ni!" Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Bàbá, ẹ jókòó." Délégé ní ká lọ sórí ọ̀rọ̀ kànga. Bí mo ṣe ń padà sílé, àwọn ọmọ Bessé tó wá ta igi ìdáná rí mi, wọ́n gbé orin àlọ́ wọn sókè láti fi yẹ́ mi sí. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n rò pé eré ni mò ń bá wọn ṣe, wọ́n tún gbé e sókè sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kaboua. Ìyá rẹ ní kí Clément tẹ̀lé mi, mo kọ̀. Gáà wọn jìnnà sí ìlú tó ìrìn wákàtí kan. Souleymane ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Èmi ṣì dúró ṣánṣán, ẹni tó bá rí wa á mọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Àlàó." Ìdúró ni mo wà tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ti odò, pẹ̀lú ti ibà. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "O mọ kí ni?"

Ó ní, "Mo mọ ibi tí màlúù wà. Lọ́jọ́ kejì tó sọnù ni mo tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé etí àpáta. Mo wá sí ilé rẹ láti mú ọ lọ wò ó. O rán ìyàwó rẹ sí mi lẹ́nu ọ̀nà pé Fúlàní kì í wọ ilé onípáánù. Mo fẹ́ sọ ọ́ níwájú olórí àdúgbò yín, ẹ kò jẹ́ kí n lanu."

Mo ti gbàgbé ìyẹn pátápátá. Nígbà tí mo dé ilé mo bi ìyá rẹ. Ó ní, "Mo rántí."

Awawou wà níbẹ̀, ó ti bímọ mẹ́rin, ìyá rẹ̀ Ramatou ti kú. Mo mú kàyé rẹ dání, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ẹ bá mi kà á, Bàbá Madeleine. Ìwé ti kúrò lórí mi." Ni mo bá jókòó sórí ẹní. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ a, b, d, èmi ni mò ń kàwé fún ọmọ tó máa ń borí rẹ ní kíláàsì. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, tí mò ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ó ti máa ń sọ ìparí gbólóhùn náà kí n tó débẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ìwé, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rẹ̀ lẹ́kún. Mo ní irú orí wo nìyí! Olùkọ́ ni, tàbí dókítà, ni mo lé wọ inú igbó yìí. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò mọ ilé-ìwé. Mo ní kí wọ́n kó àwọn méjì tó dàgbà wá sí ilé mi, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ lọ kàwé. Awawou wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní àwọn máa rò ó. Ta ló lè bá wọn wí?

Nígbà tí mo dé ibi tí màlúù ti padà wálé, Souleymane gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí n má ka ìyẹn.

Nítorí náà, pa á rẹ́. Kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọ, fi ti ìpàdé kún un, fi ti Tàwàkálítù náà kún un ṣùgbọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, abilékọ ni. Tèmi, má yí i padà. Kọ Tìmóthì Àlàó ti Savè ní kíkún. Ẹnu mi kò ká àlọ́ wọn mọ́, bóyá ìwé rẹ á ká a.

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá kẹ̀kẹ́ nígbà tí Souleymane tún pè mí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ rẹ, bóyá o ti lọ́kọ, bóyá o ṣì ń bẹ̀rù ejò. Èmi kò mọ̀ rí pé o ń bẹ̀rù ejò. Ó wá ní, "Bá mi kí ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Bàbá rẹ tó wà ní Kaboua kí ọ.

Tìmóthì Àlàó